Ẹ̀kọ́ Wa: Ìtọ́jú Igbó àti Pápá Orí Òkè

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó gbé àwọn òkè dúró sórí ilẹ̀, tí ó sì ń rọ òjò sí wọn kí omi lè ṣàn wá bá àwa tí a wà ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí iṣẹ́ kan tí púpọ̀ nínú wa kì í rántí: ìtọ́jú igbó àti pápá ìjẹko orí òkè, èyí tí àwọn ènìyàn kan ń yọ̀ǹda ara wọn láti ṣe láìgba owó.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé: "Àlejò ni wá ní Kàdúná. Lóòótọ́, Ungwan Shanu túmọ̀ sí àdúgbò màlúù, ṣùgbọ́n a kò ní màlúù, a kò sì ní òkè. Kí ló kàn wá níbẹ̀?" Ìbéèrè yìí gan-an ni a fẹ́ dáhùn.

1. Níbo ni omi wa ti ń wá?

Odò Kàdúná kò ṣẹ̀ ní Kàdúná. Orí ilẹ̀ òkè Jos, ní agbègbè Vom, ni ó ti ṣẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìlú wa, kí ó tó lọ dà sínú Odò Ọya. Ilẹ̀ òkè Jos ga tó nǹkan bí 1,280 mítà ju ojú òkun lọ. Nítorí náà, ohun tí wọ́n bá ṣe sí ilẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni yóò dé.

Bí igi àti koríko bá wà lórí òkè, wọn a gba òjò dúró. Gbòǹgbò wọn a la ilẹ̀, omi a sì rọra wọlé, kí ó lè máa sun jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí a bá gé igi tán, tí ẹran jẹ koríko dé gbòǹgbò, tí pátákò wọn sì tẹ ilẹ̀ le gbagidi, òjò kò ní ríbi wọlé mọ́. Yóò ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú erùpẹ̀. Odò a kún àkúnya nígbà òjò, a sì fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn tí ó ti gbé Jos rí mọ ihò ńláńlá tí iṣẹ́ ìwakùsà fi sílẹ̀ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àwọn tí ó gbẹ́ ihò náà ti lọ, ihò kò lọ.

2. Àwọn wo ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí?

Ní Ìpínlẹ̀ Taraba, ilẹ̀ òkè Mambilla ga tó nǹkan bí 1,600 mítà. Pápá màlúù ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n igbó kan wà tí a ń pè ní Ngel Nyaki, tí ìjọba ti dá sí láti ọdún 1969. Ìnàkí wà nínú rẹ̀ títí di òní. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni Hazel Chapman, onímọ̀ láti Yunifásítì Canterbury ní New Zealand, ti ń bá àwọn ará abúlé ibẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ lórí igbó yìí. Ohun tí wọ́n rí ni pé iná ẹ̀ẹ̀rùn àti ẹsẹ̀ màlúù ni kì í jẹ́ kí igi kéékèèké dàgbà létí igbó. Níbi tí wọ́n bá ti ṣe ọgbà yíká, tí wọ́n sì dènà iná, igi a tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù.

Ní ilẹ̀ Mòrókò, àwọn Mùsùlùmí ẹ̀yà Amazigh ní àṣà tí wọ́n ń pè ní agdal lórí àwọn òkè Atlas. Ní Oukaïmeden, nítòsí Marrakech, àwọn ará ìlú fúnra wọn a ti pápá náà láti ààrin oṣù Mààṣì títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògọ́ọ̀sì. Darandaran kankan kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, kí koríko lè tanná kí ó sì so èso. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, gbogbo wọn ni yóò jọ wọlé.

Ní ilẹ̀ Switzerland, láti ọdún 1987 ni ẹgbẹ́ Bergwaldprojekt ti ń pe àwọn ará ìlú ńlá wá sórí òkè fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọn a gbin igi, wọn a tún ojú ọ̀nà ṣe, wọn a sì gé igbẹ́ tí ó ń bo pápá. Oúnjẹ àti ibùsùn ni wọ́n ń rí, kì í ṣe owó. Púpọ̀ wọn kò ní ilẹ̀ kankan lórí òkè náà. Ohun tí àwọn baba wa ń pè ní ọ̀wẹ̀, tí Haúsá ń pè ní gayya, ni èyí.

3. Kí ni ẹ̀sìn wa sọ?

Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dá ilẹ̀ Naqī‘ sí nítòsí Mọ̀dínà fún àwọn ẹṣin àwọn Mùsùlùmí. Hímà ni a ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sàyídínà Umar náà dá Rabadha sí. Nígbà tí ó yan olùṣọ́ sórí hímà, ó pàṣẹ fún un pé kí ó jẹ́ kí ẹni tí ràkúnmí tàbí àgùntàn rẹ̀ kò pọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra fún ẹran àwọn ọlọ́rọ̀, nítorí ọlọ́rọ̀ ní oko tí yóò padà sí bí ẹran rẹ̀ bá kú, ṣùgbọ́n tálákà yóò kó ọmọ rẹ̀ wá bá ìjọba ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n wò ó. Dídá ilẹ̀ sí kì í ṣe lílé tálákà jáde. Ìtọ́jú ilẹ̀ tí kò bá ro ti darandaran àti àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ọn, ìjà ni yóò dà.

A sì mọ̀ láti inú hádíìsì pé bí Mùsùlùmí bá gbin igi, tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko jẹ nínú rẹ̀, sàráà ni fún un. Kò sí níbẹ̀ pé àfi kí ilẹ̀ náà jẹ́ ti bàbá rẹ̀.

4. Àwa ńkọ́?

A kò sọ pé kí ọmọ ẹnikẹ́ni dá wọ igbó lónìí. Ààbò ọ̀nà ni kí a kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ju agbára wa lọ:

(a) Gbígbin igi kò tó. Kí ìdílé kan gba igi kan, kí wọ́n fi ẹ̀gún yí i ká nítorí ewúrẹ́, kí wọ́n sì máa bomi rin ín fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì.

(b) Kí a má ṣe dáná sun pàǹtírí nídìí igi tàbí létí pápá nígbà ọyẹ́.

(d) Kí a kọ́kọ́ lọ rí Mai Unguwa kí a tó gbin ohunkóhun. Àlejò tí ó bá gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé, iṣẹ́ rẹ̀ a pẹ́.

(e) Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń lọ sin ilẹ̀ bàbá yín, bí wọ́n bá rán yín lọ sí Plateau tàbí Taraba, ẹ béèrè iṣẹ́ igi àti omi níbẹ̀, kí ẹ sì fi sí iṣẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tí ẹ ó ṣe.

Ìdáhùn wa nìyí: àwọn tí a kò mọ̀ ni ó ń ṣọ́ orísun omi wa. Bí àwa náà bá tọ́jú ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwa, gbèsè ni a ń san.

Ìbéèrè fún àwọn ọmọ ilé-kéwú: (1) Níbo ni Odò Kàdúná ti ṣẹ̀? (2) Kí ni hímà? (3) Kí nìdí tí Sàyídínà Umar fi ní kí tálákà wọlé?

Kí Ọlọ́hun gbà á ní ìjọsìn lọ́wọ́ wa, kí Ó sì fún ìlú tí a wà ní àlàáfíà. Àmín.