Ṣé Oko Mi Náà Wà Lára Ohun Tó Ń Rú Odò?

ÌBÉÈRÈ

Àgbẹ̀ ni mí, oko mi kò sì jìnnà sí Iléṣà. Kòkó ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sí apá tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sí odò kékeré kan. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀, omi odò yẹn á pọ́n, á sì nípọn. Gbogbo ayé ló ń sọ pé àwọn tó ń wa wúrà ló ba odò Ọ̀ṣun jẹ́, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wa wúrà lókè odò tiwa. Ṣé oko wa ló ń rú omi ni? Bó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, èrè kí ló wà níbẹ̀ bí èmi nìkan bá tún tèmi ṣe, tí àwọn tí oko wọn wà lókè tèmi kò ṣe nǹkan kan?

Àgbẹ̀ kan, Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

ÌDÁHÙN

Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi, ohun méjì lẹ fẹ́ mọ̀: bóyá iṣẹ́ oko lè rú omi níbi tí kò ti sí awakùsà, àti bóyá ìsapá ẹnì kan ṣoṣo já mọ́ nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni, oko lè rú omi. Ní ti èkejì, ohun tí ẹ bá dá ṣe yóò ṣe ilẹ̀ yín lóore dájúdájú, ṣùgbọ́n odò kò ní mọ́ àfi bí ẹ̀yin tí ẹ jọ pín in bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ẹni tó ń béèrè irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń ro ti ará ìsàlẹ̀ odò mọ́ tirẹ̀. Ohun iyì ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti wúrà. Òótọ́ lẹ sọ. Àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń gbẹ́ etí odò, wọ́n ń fọ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú omi, àwọn mìíràn sì ń lo mẹ́kúrì láti fi kó wúrà jọ. Ní ọdún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ń bọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Ìjọba, àwọn ọba àti gbogbo ará ìlú ló ni ìjà yẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀bi awakùsà kò ní kí ọ̀gbàrá má gbé ilẹ̀ oko lọ. Ìdọ̀tí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ìkáwọ́ yín.

Báyìí ló ṣe ń ṣẹlẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń dé nígbà tí a ti ṣán oko, tí a ti sun ún, tí ilẹ̀ sì wà ní ìhòòhò. Bí ẹ̀kán òjò bá ṣe ń ba ilẹ̀ tí kò ní ìbòrí, ó ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yẹn á sì dí àwọn ihò tí omi ìbá gbà wọlẹ̀. Omi tí kò ráyè wọlẹ̀ á di ọ̀gbàrá. Ibi tí ilẹ̀ bá dà sí ni yóò forí lé, yóò sì gbé iyẹ̀pẹ̀ dúdú òkè lọ, èyí tó lọ́ràá jù lọ nínú oko. Ajílẹ̀ tí ẹ fowó rà àti oògùn tí ẹ fín á bá a lọ. Ohun tó ń pọ́n nínú odò yẹn, ilẹ̀ tí ìbá so àgbàdo ni.

Kòkó yín kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Kòkó tó ti dàgbà ní ìbòrí lókè, ó sì ní ewé gbígbẹ nílẹ̀; méjèèjì ń gba agbára lọ́wọ́ òjò. Apá àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ wò, pàápàá bí ebè bá kọjú sí odò. Ẹ tún wo ọ̀nà ẹsẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ tààrà lọ sí ibi ìpọnmi. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ máa ń di gọ́tà bí òjò bá ti rọ̀.

A ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò nítòsí wa. Ní àwọn ọdún 1970, Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ṣe ìdánwò ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ nílùú Ìbàdàn, lórí ilẹ̀ tó dà díẹ̀ àti ilẹ̀ tó dà gan-an. Ó rí i pé ibi tí wọ́n bá ti fi pòròpórò àgbàdo àti koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, tó tó tọ́ọ̀nù 4 sí 6 lórí hẹ́kítà kan, ọ̀gbàrá kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ilẹ̀ gbé. Ibi tí ilẹ̀ wà ní ìhòòhò, bó bá ṣe dà tó ni ìparun rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ohun tí a ń dáná sun lọ́dọọdún gan-an ni ìbòrí tí ilẹ̀ ń wá.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí ìpín oko yín nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ mú ìgò ike méjì tó dọ́gba. Bí òjò ńlá bá ti dá, ẹ bu omi odò sínú ọ̀kan níbi tó ti wọ oko yín lókè, kí ẹ yára bu òmíràn níbi tó ti jáde nísàlẹ̀. Ẹ kọ orúkọ sí wọn lára, ẹ gbé wọn kalẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ má mì wọ́n. Ẹrẹ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ìgò. Bí ti ìsàlẹ̀ bá nípọn ju ti òkè lọ, oko yín wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá dọ́gba, òkè ni ẹrẹ̀ ti ń bọ̀. Bí odò mìíràn bá ya wọ inú rẹ̀ láàárín, ẹ bu ti ìyẹn náà lọ́tọ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ebè dábùú ìdàgẹ̀rẹ́, kí ó má kọjú sí odò. Ojú lásán kì í sábà mọ ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba, nítorí náà ẹ ṣe irinṣẹ́ kan tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gé igi gbọọrọ méjì tó gùn dọ́gba, ẹ so orí wọn pọ̀, ẹ ya ẹsẹ̀ wọn síra ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kí ẹ wá fi igi kẹta dábùú wọn láàárín. Ẹ so okùn mọ́ ibi tí orí wọn ti pàdé, ẹ so òkúta mọ́ ìdí okùn náà, kí ó rọ̀ kọjá igi ìdábùú. Ẹ gbé e dúró, ẹ fi ọ̀bẹ sàmì síbi tí okùn ti kan igi ìdábùú. Ẹ yí i po, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ojú ibi tí èkejì wà, ẹ tún sàmì. Ẹ wá fá ìlà kan sí àárín àmì méjèèjì. Níbikíbi lóko tí okùn bá ti dúró lórí ìlà yẹn, ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí ilẹ̀ tó ga dọ́gba. Ẹ kan èèkàn síbẹ̀, kí ẹ máa yí irinṣẹ́ náà lọ láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀ títí ẹ ó fi la oko já. Ipa èèkàn wọ̀nyẹn ni kí ebè tọ̀.

Èkejì, ẹ fi bèbè odò sílẹ̀. Ó kéré tán, ẹ fi ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sílẹ̀ fún igi àti koríko. Ẹ má ṣán an, ẹ má sun ún. Níbi tó bá ti dà jù, ẹ gbin eèsún ní ìlà dábùú òkè ibẹ̀. Yóò sẹ́ ẹrẹ̀ lọ́nà, ẹ ó sì máa gé e fún ewúrẹ́ àti màlúù. Ẹ̀kẹta, ẹ má po oògùn létí odò, ẹ má sì fọ ẹ̀rọ ìfínko sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ní oògùn apakoríko tó ní paraquat nínú, ẹ mọ̀ pé àjọ NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù Kìíní ọdún 2024.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ohun tó ká yín lára jù, ọ̀rọ̀ èmi nìkan. Bí ẹ bá dá a ṣe, iyẹ̀pẹ̀ yín kò ní lọ mọ́, ìyẹn sì tó èrè. Àmọ́ bí ọ̀gbàrá láti oko òkè bá pọ̀, ó lè já ebè yín. Nítorí náà, ẹ má ro ti gbogbo odò Ọ̀ṣun lẹ́ẹ̀kan náà, láti orísun rẹ̀ ní Ìgèdè Èkìtì títí dé ọ̀sà Lẹ́kí. Odò kékeré tiyín ni kí ẹ rò. Ẹ ka oko tó wà létí rẹ̀ láti ìsun dé ibi tí títì ti kọjá lórí rẹ̀. Ẹ ó rí i pé àwọn tó ni wọ́n kò ju ẹni tí ẹ lè fi orúkọ pè. Àwọn wọ̀nyẹn ni ẹgbẹ́ yín. Ẹ dá àáró sílẹ̀: lónìí, kí gbogbo yín lọ kọ ebè ìdábùú lóko ẹnì kan, lọ́jọ́ mìíràn lóko ẹlòmíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oko tó ga jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀gbàrá ti ń gbéra. Ẹ má gbàgbé àwọn tó ń dá àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀fọ́ wọn ló súnmọ́ omi jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó sábà máa ń da irú àjọṣe báyìí rú. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ máa ń bẹ̀rù láti gbin igi, torí onílẹ̀ lè rò pé ó fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Kí baálẹ̀ àti àwọn onílẹ̀ wà níbi ìpàdé láti ọjọ́ kìíní, kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé igi etí odò kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan ló ni ilẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó gbin eèsún.

Ṣé dandan ni kí gbogbo ènìyàn gbà? Rárá. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan láti Amẹ́ríkà: àwọn òkè Catskill wà lára ibi tí ìlú New York ti ń fa omi mímu rẹ̀. Nígbà tí ìlú náà bá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dá májẹ̀mú láti dáàbò bo omi náà ní àwọn ọdún 1990, wọ́n jọ gbà pé a kò ní fipá mú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìdá 85 nínú 100 oko gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọdún 5. Wọ́n kọjá iye yẹn. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló ń darí ètò náà, ìlú ló ń san owó rẹ̀, torí kò náni lówó tó kí ìlú náà kọ́ ilé-iṣẹ́ ìsẹ́mi ńlá.

Ní Kenya, níbi tí oko ti kéré bíi tiwa, wọ́n dá àpò owó omi sílẹ̀ lọ́dún 2015 fún òkè odò Tana, níbi tí Nairobi ti ń rí nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 omi rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ omi ìlú, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná àti ilé-iṣẹ́ ọtí bíà wà nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ oko ló ń kún adágún wọn. Àwọn àgbẹ̀ gba ìrúgbìn àti ẹ̀kọ́, wọ́n la ilẹ̀ ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, wọ́n sì gbin eèsún, irú èyí tó ń hù létí odò lọ́dọ̀ wa.

Irú rẹ̀ yẹ Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Omi ẹ̀rọ Òṣogbo láti odò Erinlẹ̀ ní Ẹdẹ ló ti ń wá, ṣùgbọ́n Ọ̀ṣun ló ń la Igbó Ọ̀ṣun já, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005, àìmọye ènìyàn ló sì ń lò ó. Bó bá sì jẹ́ Ṣáṣá tàbí Ọ̀wẹnà ni odò yín ń ṣàn sí, ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tó ń pọn ún. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ará Òṣogbo kò lè fi igi sílẹ̀ ní bèbè odò yín, ẹ̀yin náà kò sì lè wọn mẹ́kúrì nínú omi. Fásitì Ilé-Ifẹ̀ àti UNIOSUN, fásitì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ilé àyẹ̀wò. Àwọn òṣìṣẹ́ OSSADEP, àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ń tọ́ àgbẹ̀ sọ́nà. Àjọ odò Ògùn òun Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1976, wà ní Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá kọ̀wé sí wọn ní orúkọ odò kan, pẹ̀lú ìgò ẹrẹ̀ lọ́wọ́, yóò tètè rí ẹni gbọ́ ọ ju ẹnì kan ṣoṣo lọ.

Kí n tó parí, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: omi tó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú. Sísè ń pa kòkòrò àrùn, álọ́ọ̀mù sì ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń mú mẹ́kúrì tàbí òjé kúrò. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í wa wúrà lókè yín, ẹ dá pípọn omi mímu níbẹ̀ dúró títí ilé àyẹ̀wò yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní báyìí, kí òjò tó dé, ẹ lọ bá ẹni tí oko rẹ̀ wà lókè tiyín gan-an. Ẹ má lọ dá a lẹ́bi. Ẹ fi ìgò méjèèjì hàn án, ẹ sọ fún un pé ilẹ̀ rẹ̀ náà wà nínú ohun tó ń ṣàn lọ, kí ẹ sì bá a dá ọjọ́ tí ẹ ó jọ kọ ebè ìdábùú àkọ́kọ́ lóko tirẹ̀.