Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Ààbò Nínú Ọkọ̀ Èrò Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ẹ̀yin ọmọ, mélòó nínú yín ni ó wọ ọkọ̀ wá sí ilé-ìwé lónìí? Mélòó ni òbí wọn ń wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà tàbí sí ibi iṣẹ́? Ẹ ó rí i pé a pọ̀. Ọkọ̀ èrò kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tí ẹnì kan bá gbé wọ inú rẹ̀ lè kan gbogbo èrò. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ bí a ṣe ń ṣọ́ra nínú ọkọ̀ nígbà tí àrùn bá ń jà.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àrùn náà ti di àjàkálẹ̀ tí ó kárí ayé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé. Nígbà tí ó di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ òfin náà díẹ̀díẹ̀. Alátà tí kò bá dé ọjà kò ní rí owó oúnjẹ. Dandan ni kí ó wọ ọkọ̀. Báwo ni yóò ṣe wọ̀ ọ́ tí kò fi ní gbé àrùn lọ sílé?

Bí àrùn náà ṣe ń ràn

Bí ẹni tí ó ní àrùn kòrónà bá ń wúkọ́, tí ó ń sín, tàbí tí ó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀kán omi tín-ín-tìn-tín a máa ti ẹnu àti imú rẹ̀ jáde. Àwọn tí ó tóbi a tètè bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké a máa fò kiri nínú afẹ́fẹ́ bí èéfín. Bí fèrèsé ọkọ̀ bá wà ní títì, wọn kò rí ibi gbà jáde. Àwọn èrò ni yóò máa fà wọ́n símú. Ẹ fi èyí náà sọ́kàn: ènìyàn lè ní àrùn yìí kí ara má ro ó rárá, síbẹ̀ kí ó kó o ran ẹlòmíràn. Nítorí náà, a kò lè fi ojú lásán mọ ẹni tí a ó sá fún.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

1. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Bí òjò bá tilẹ̀ ń rọ̀, ẹ ṣí i díẹ̀.
2. Ẹ fi ìbòmú bo imú àti ẹnu. Ẹni tí ó fà á sí àgbọ̀n kò tíì lò ó.
3. Ẹ má ṣe há ara yín mọ́ orí ìjókòó kan.
4. Ẹ mú ṣéńjì dání, kí owó má baà máa ti ọwọ́ dé ọwọ́.
5. Ẹ wúkọ́ sínú igbúnwọ́. Bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20.
6. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, kí ó dúró sílé.

Ta ni yóò san owó rẹ̀?

Ní ọdún 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pàṣẹ pé kí ọkọ̀ èrò má ṣe gbà ju 60 nínú 100 iye èrò tí ó yẹ kí ó gbà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ní ìjókòó 20 yóò gbé èrò 12. Bí èrò kọ̀ọ̀kan bá ń san ₦100, owó ọkọ̀ yóò wálẹ̀ láti ₦2,000 sí ₦1,200. Bẹ́ẹ̀ ni epo tí awakọ̀ ń rà kò dínkù. Bí awakọ̀ bá fi owó lé e, yóò nira fún alátà. Bí kò bá sì fi lé e, òun àti ilé rẹ̀ ni yóò jìyà. Ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ kan fi ń kó èrò kún ọkọ̀, tí àwọn èrò kan náà sì ń gbà fún wọn. Kò yẹ kí a kàn máa bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ṣíṣí fèrèsé kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí fèrèsé bá wà ní títì, ọmọdé lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni: “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ bá wa ṣí fèrèsé yẹn.” Àgbàlagbà tí a bá bẹ̀ báyìí kì í sábà bínú.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Síbẹ̀, àrùn náà kò tán nílẹ̀, ikọ́ ife pẹ̀lú sì ń gba inú afẹ́fẹ́ ràn. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀kán omi kéékèèké nínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì?
2. Kí ni ìdí tí a kò fi lè fi ojú mọ gbogbo ẹni tí ó ní àrùn kòrónà?
3. Èrò mélòó ni ọkọ̀ oníjòókòó 30 yóò gbé bí òfin bá ní kí ó má gbà ju 60 nínú 100 lọ?
4. Bí owó ọkọ̀ bá dínkù nítorí ààbò, ta ni ó yẹ kí ó san ìyókù: awakọ̀, èrò tàbí ìjọba? Ẹ sọ ìdí yín.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ pín ara yín sí awakọ̀, kọ́ńdọ́kítọ̀ àti èrò. Ẹ fi ìjókòó kíláàsì ṣe ọkọ̀, kí ẹ sì ṣe eré bí a ṣe ń wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ààbò.