Ṣé Wọ́n Á Gbà Mí Láti Bá Wọn Ka Labalábá?

Ìbéèrè: Iléeṣẹ́ ike ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ìwé mẹ́wàá ni mo sì kà mọ. Mo gbọ́ pé àwọn èèyàn máa ń yọ̀ǹda ara wọn láti lọ ka labalábá nínú igbó ọba, pé àwọn mìíràn tiẹ̀ ń sanwó kí wọ́n tó lè ṣe é. Ó wù mí gan-an, àmọ́ ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú. Ṣé wọ́n lè gba irú èmi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, orí rẹ pé. Torben Larsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark tó kọ ìwé ńlá alápá méjì lórí labalábá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 2005, ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ló kà. Ìfẹ́ labalábá ló gbé e wọgbó. Nǹkan bí oríṣi 1,500 ló wà lágbègbè wa yìí, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àìmọ orúkọ wọn dẹ́rù bà ọ́.

Ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ ni sùúrù. Ní Bìrìtéènì, láti 1976 ni àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ti ń kà á báyìí: èèyàn á yan ipa ọ̀nà kan, á máa rìn ín jẹ́jẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ràn, á sì ka kìkì èyí tó bá wà ní mítà 5 níwájú rẹ̀ àti mítà 2.5 lọ́tùn-ún àti lósì. Èyí tó bá gba ẹ̀yìn kọjá, kó máa lọ. Ọjọ́ tí o kò bá rí ẹyọ kan, kọ òdo sílẹ̀. Òdo yìí ni ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ kọ, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ ká tètè mọ̀ pé nǹkan ti ń ṣe igbó.

O lè bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀tà lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ alẹ́ bá kàn ọ́, lẹ́yìn tó o bá ti sùn díẹ̀. Etí odò Àtúwàrà dára. Mú ìyàwó rẹ dání: ẹnì kan á máa kà, ẹnì kejì á máa kọ. Níbi tí igi ọsàn bá wà, wá Papilio demodocus, dúdú ńlá alámì yẹ́lò; bó bá ṣì wà ní kòkòrò kékeré, ìgbẹ́ ẹyẹ lo máa pè é. Nídìí bomubomu ni Danaus chrysippus ń yé sí. Oró oje ewéko náà máa ń wà lára rẹ̀, ẹyẹ kì í sì fẹ́ jẹ ẹ́. Ṣọ́ra o: abo Hypolimnas misippus, tí kò ní oró kankan, ti yá aṣọ rẹ̀ wọ̀. Fi fóònù ya àwòrán, kó o fi sórí ìkànnì iNaturalist pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó o ti rí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á bá ọ yẹ orúkọ rẹ̀ wò.

Àwọn labalábá Charaxes ní tiwọn kì í yà sídìí òdòdó. Èso jíjẹrà ni wọ́n ń wá. Àwọ̀n gbọọrọ tí orí rẹ̀ dí la máa ń so rọ̀ fún wọn, pẹ̀lú abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti kan nísàlẹ̀. Ẹ lè ta ẹmu díẹ̀ sí i (bí ẹni tó gbé ẹmu wá kò bá ti mu ún tán). Bí wọ́n bá jẹun tán, òkè ni wọ́n ń fò sí, wọn kì í wá ibi tí wọ́n gbà wọlé. Ẹ ó kà wọ́n, ẹ ó sì tú wọn sílẹ̀.

Bí ọwọ́ rẹ bá ti mọ́ ọn lára, igbó ọba Omo, ní ìhà Ìjẹ̀bú, ló kàn. Ọdún 1925 ni ìjọba yà á sọ́tọ̀, UNESCO sì fi í kún àwọn igbó tó mọ̀ sí pàtàkì ní 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀, tàkúté ọdẹ náà wà, nítorí náà má dá wọ̀ ọ́. Gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn igbó ní Abẹ́òkúta, kó o sì tẹ̀ lé ẹ̀ṣọ́ igbó. Fi àkọsílẹ̀ tó o ti ṣe ní Ọ̀tà hàn wọ́n. Ó sàn ju kéèyàn kàn máa sọ pé ó wu òun lọ.

Ní ti àwọn tó ń gbowó, oúnjẹ, ọkọ̀ àti amọ̀nà ni wọ́n sọ pé àwọn ń fi í ṣe, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n má tìtorí rẹ̀ kó owó àjọ.