Omi Oko àti Owó Omi

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ fi ọ̀ràn yìí kọ́gbọ́n. Ní ọdún 1997, Ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh ní Íńdíà ṣòfin pé kí àwọn àgbẹ̀ máa bójú tó ọ̀nà omi oko wọn. Lọ́dún náà, wọ́n dìbò yan alákòóso fún ẹgbẹ́ tí ó ju 10,000 lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni yóò máa mú ìpinnu ẹgbẹ́ ṣẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ni owó omi ṣì ń bọ́ sí. Bí owó kò bá tètè padà, kí ni ẹgbẹ́ yóò fi kó ẹrẹ̀ inú kòtò? Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ́wọ́ gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bèèrè iye tí yóò padà sọ́dọ̀ yín àti ìgbà tí yóò dé, kí ẹ sì gba ìdáhùn náà nínú ìwé.