Ẹ Gun Alùpùpù, Kí Ẹ sì Délé Láyọ̀

Ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lórí alùpùpù, èyí tí a ń pè ní máṣíìnì tàbí ọ̀kadà. Ẹ rọra kà á. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòro, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tó pè é.

Kò sí ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá tí alùpùpù kò sí. Òun ló ń gbé ẹ̀gúsí àti gbágùúdá wá láti oko. Òun ló ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Ṣé ẹ mọ ibi tí orúkọ náà ọ̀kadà ti wá? Ara ọkọ̀ òfurufú ló ti wá. Ní ọdún 1983, Olóyè Gabriel Igbinedion dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan sílẹ̀, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀, Okada, sọ ọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí bí alùpùpù ṣe ń fò kọjá láàárín ọkọ̀, wọ́n fi ṣe àwàdà pé ọ̀kadà nìyẹn. Ẹ ò rí i pé eré ti wà nínú orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀!

A kò wá sọ fún yín pé kí ẹ má gun alùpùpù. Àwa náà ní ọ̀kan, òun la sì ń gùn káàkiri àwọn kíláàsì wa. Ó dùn ún gùn. Nígbà tí oòrùn bá ń rọlẹ̀, tí títì dá, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni láyà, àgbà pàápàá á fẹ́ fún un níná díẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ ìgbádùn yìí pẹ́, ó ní ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá

Ọmọkùnrin méjì wà nínú kíláàsì wa, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Lọ́jọ́ Iléyá kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ yá jù, láti Igbó-Ọrà dé Ìdèrè. Èrò pọ̀ létí títì. Àwa náà wà níbẹ̀. A kò dá wọn dúró. Àní, a pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ẹnìkínní dé àṣíborí, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ẹ́límẹ́ẹ̀tì, ó sì so okùn rẹ̀ mọ́ abẹ́ àgbọ̀n. Ẹnìkejì fi tirẹ̀ kọ́ apá. Ó ní ooru ń mú òun.

Ní kọ́nà kan, ewúrẹ́ já sí títì. Ẹnìkínní ló wà níwájú. Ó gbá bíréèkì mú lójijì lórí òkúta wẹ́wẹ́, táyà yọ̀, ó ṣubú. Ẹnìkejì kò ráyè yà, ó kọlù ú, òun náà sì fò ṣánlẹ̀.

Ẹnìkínní dá lápá. Àṣíborí rẹ̀ là, ṣùgbọ́n orí tó wà nínú rẹ̀ kò là. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó padà sí kíláàsì. Ẹnìkejì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn kó tó dá ìyá rẹ̀ mọ̀. A dúpẹ́ pé kò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ìwé síwájú rẹ̀, kò mọ A yàtọ̀ sí B mọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀; ìṣẹ́jú kan ló gba gbogbo rẹ̀ lọ. A ti tún bẹ̀rẹ̀ láti A pẹ̀lú rẹ̀. Àtẹ́wọ́ tí a pa lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò létí wa.

Orí la kọ́kọ́ ń dáàbò bò

Agbárí le, ṣùgbọ́n ọpọlọ inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bí orí bá kọlu ilẹ̀, ọpọlọ á gbá ara rẹ̀ mọ́ agbárí láti inú. Fóòmù tó wà nínú àṣíborí ló ń gba ìkọlù náà sára. Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí nípa èyí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Nínú 100 ènìyàn tí ìbá kú bí wọn kò bá dé e, nǹkan bí 42 ló ń yè. Nínú 100 tí ìbá fi orí pa, nǹkan bí 69 ló ń bọ́.

Ìpínlẹ̀ wa, Ọ̀yọ́, dá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977. Ti ìjọba àpapọ̀ dé ní 1988. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà nídìí méjèèjì. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí Ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò dé àṣíborí, àwọn ọlọ́kadà kan ní Nàìjíríà dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n igbá kò ní fóòmù nínú. Ẹni tó dé igbá lè tan Ẹ̀ṣọ́ jẹ, kò lè tan ilẹ̀ jẹ.

Ẹ ra àṣíborí tó bá orí yín mu, tí kì í mì. Ẹ so okùn rẹ̀. Ẹni tí ẹ gbé sẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ dé tirẹ̀. Èyí tó bá ti kọlu ilẹ̀ nínú jàǹbá, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ṣòkòtò tó nípọn, àti ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ká etí ìró yín mọ́ra, kí ṣéènì má baà wé e.

Eré àti bíréèkì

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà, ẹ ka aago eré tó wà níwájú yín. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lórí 40, láàárín ìgbà tí ẹ bá fi ka “ení” pẹ̀lẹ́, alùpùpù ti lọ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 36, ẹ kò sì tíì fọwọ́ kan bíréèkì. Bí ó bá wà lórí 80, ó ti lọ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 73. Èyí nìkan kọ́. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí bíréèkì ń fẹ́ kó tó dá a dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ewúrẹ́ kò mọ ìṣirò yìí. Àwa ló yẹ ká mọ̀ ọ́n.

Ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé kọ́nà, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá wà nínú rẹ̀. Bíréèkì iwájú lágbára ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹ lo méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì rọra fún wọn. Ẹ ṣọ́ra fún òjò àkọ́rọ̀: ó ń po eruku àti epo pọ̀ lórí ọ̀dà, títì á sì máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ẹni tó bá ti mu ọtí tàbí paraga, kó fi kọ́kọ́rọ̀ sílé. Láràárọ̀, ẹ wo táyà, bíréèkì, ṣéènì àti iná.

Bí ẹ bá fẹ́ díje

Láti ọdún 1907 ni wọ́n ti ń díje alùpùpù ní erékùṣù Man, tó wà láàárín Ìlú Ọba àti Írélándì. Wọ́n máa ń ti títì pa. Kò sí ewúrẹ́, kò sí ọmọdé, dókítà wà nítòsí, gbogbo olùdíje ló dé àṣíborí. Síbẹ̀, àwọn tó ti kú lójú títì náà ju 250 lọ. Bí ó bá rí báyìí fún àwọn ọ̀gá, kí ni kó rí fún àwa tí a ń sáré láàárín ìsọ̀ àti ilé ìwé?

Ṣùgbọ́n a ní eré kan tí a lè fi rọ́pò. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, a máa ń ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ eré ìdárayá. Ẹni tó bá dé kẹ́yìn ni a ń fún ní ẹ̀bùn, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀. Ẹ gbé alùpùpù lọ sí pápá, ẹ fa ìlà méjì, kí ẹ dé àṣíborí, kí ẹ sì dán an wò. Ẹ óò rí i pé ó le ju eré sísá lọ! Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe ló mọ máṣíìnì gùn, nítorí bíréèkì, iná àti ara rẹ̀ ń gbọ́ tirẹ̀. Òwò rẹ̀ kò sì ná ni ní egungun kan. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀rẹ́ méjì yẹn ṣì ń wá sí kíláàsì. Ẹnìkínní ló ń di ọwọ́ ẹnìkejì mú bó ṣe ń kọ lẹ́tà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dé K. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹ gun alùpùpù yín, kí ẹ sì délé láyọ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ló fà á tí orí ẹnìkínní kò fi fọ́?
2. Kí ni àṣíborí ní tí igbá kò ní?
3. Bí eré bá ti 40 di 80, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ tí bíréèkì ń fẹ́?
4. Kí ni ìwọ ìbá ṣe bí o bá wà létí títì lọ́jọ́ Iléyá náà? Kọ ìdáhùn rẹ ní ìlà méjì.