Ẹ̀ẹ̀rùn Là Ń Sá Ilá

Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tó bá sá ilá ní oṣù keje, tí òjò ò dá, kó má bi mí ìdí tó fi rà.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ fún mi pé àwọn fẹ́ kúrò ní ìlú ńlá, kí àwọn máa jẹ ohun tí àwọn fọwọ́ gbìn, ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Ilẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n oko tó so jìngbìnnì, tí olóko ò mọ bí a ṣe ń pa oúnjẹ mọ́, fún ìgbà díẹ̀ ló máa bọ́ ọ. Témi bá ni, ẹní kan, ọ̀bẹ mímú kan àti ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Afẹ́fẹ́ tó ń la ètè wa yẹn náà ló ń sọ ilá di orúnlá.

Ẹ gé ilá náà tínrín, ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní mímọ́, kó má gun ara wọn. Ẹ máa kó o wọlé lálẹ́ nítorí ìrì. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ tó ń tẹ̀, kò tíì gbẹ. Tó bá dún kà, ó tó.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ojú ń kán mi. Ọjọ́ kejì ni mo ti kó o sínú ọ̀rá, tòun ti ooru oòrùn lára rẹ̀, mo so ó pinpin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ti bu, ó ń rùn bí àkísà tútù. Ìyá àgbà tó wà lójúlé kejì sí wa wò ó.

"Ṣé o jẹ́ kó tutù kó o tó dì í?"

"Rárá, Mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òógùn ara rẹ̀ ló mu."

Bẹ́ẹ̀ náà ni èlùbọ́, tí àwọn ará Òkè-Ògùn mọ̀ dunjú. Iṣu tí ọkọ́ ti ṣá lára kì í pẹ́ nínú àká. Òun ni kẹ́ ẹ bó, kẹ́ ẹ rẹ sínú omi gbígbóná mọ́jú, kẹ́ ẹ sì sá.

Tòmátò tó ń tòkè ọya wá máa ń pọ̀ lọ́jà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Tí òjò bá dé, ó di góòlù. Ní 2016, kòkòrò kan jẹ oko tòmátò run ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde ọ̀ràn pàjáwìrì. Ẹni tó ti là á, tó sì ti sá a gbẹ ṣáájú, rí nǹkan fi sọbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sè é sínú ìgò, kẹ́ ẹ da òróró lé e, kẹ́ ẹ gbé e sórí pẹpẹ. Àwọn kòkòrò àìrí kan wà tí ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé gan-an ni wọ́n ti ń gbilẹ̀, májèlé wọn sì ń pààyàn.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ fi ilá mélòó kan sílẹ̀ lórí igi kó gbó, torí èso ọdún tó ń bọ̀.

Ohun kan ṣoṣo lọ́dún kan ti tó. Ilá ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ọdún kẹta ni mo tó fọwọ́ kan èlùbọ́. Gàrí, mo ṣì ń rà á. Ṣùgbọ́n lóṣù keje tó kọjá, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, n ò jáde. Mo gbọn ìgò orúnlá mi wò, ó ń dún wàràwàrà.