Àpótí Ìmọ̀: Oúnjẹ Ilẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Iyanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀ oko púpọ̀ ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí òjò ńlá bá rọ̀, náítírójìn tó ń mú ewé àgbàdo tutù yọ̀yọ̀ á bá omi lọ síbi tí gbòǹgbò kò lè dé. Nítorí náà, ẹ má da gbogbo fatiláísà sóko lẹ́ẹ̀kan náà. Kílò 7.5 náítírójìn péré ló wà nínú àpò fatiláísà NPK 15-15-15 oníkílò 50. Ó ṣeni láàánú kí àgbàrá gbé e lọ. Ẹ la ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, kí ó jìnnà sí ìdí rẹ̀ bí ìbú àtẹ́lẹwọ́, ẹ da fatiláísà sí i, kí ẹ sì bò ó.

Yàtọ̀ sí fatiláísà, ìgbẹ́ adìyẹ náà wà: àwọn onímọ̀ Rufus Giwa Polytechnic, Ọ̀wọ̀, ti dán an wò lórí iṣu, tòmátò àti ọkà bàbà. Ìgbẹ́ yìí ń mú ilẹ̀ rọ̀, ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ di omi mú, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń fún irúgbìn lóúnjẹ. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹrà dáadáa kó tó dóko, torí tútù rẹ̀ máa ń jó ọ̀gbìn. Koríko tí a ro, ẹ má sun ún: náítírójìn inú rẹ̀ ni iná ń gbé lọ.